Ọjọ́ Tí Afẹ́fẹ́ Ń Ṣe Ségesège

Ọmọ ọdún 13 ni mí nígbà tí mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ lè fi ojú ọlọ́kọ̀ rí màbo ju ìjì lọ.

Káfíńtà ni bàbá mi. Iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣe fún ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ onígbòkun kan létí omi ní Èkó, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń wa Optimist. Ọkọ̀ kékeré ni, gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 2.3, ọmọ kan ṣoṣo ló sì ń dá wà á. Ará Amẹ́ríkà kan, Clark Mills, ló ya àwòrán rẹ̀ ní ọdún 1947, kí àwọn ọmọdé lè rí ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Ọdún tí ọmọ bá pé 15 ni yóò fi í díje kẹ́yìn. Èyí tí mo ń lò ti gbó gan-an, ọwọ́ bàbá mi ló mú kó ṣì máa léfòó.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni ìdíje náà bọ́ sí, ọyẹ́ sì mú. Lásìkò ọyẹ́ ní Èkó, afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń ti ìhà àríwá wá láàárọ̀. Tí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ òkun á gba ìhà gúúsù wọlé lọ́sàn-án. Àárín àwọn méjèèjì ni wàhálà wà: ọ̀kan ń lọ, èkejì kò tíì dé. Àkókò yẹn gan-an ni wọ́n fun fèrè fún eré tó kẹ́yìn. Ọkọ̀ 18 ni wá.

Nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, ńṣe lèèyàn máa ń jókòó bí ẹni tó gbé ẹyin lé orí. O ó sún síwájú díẹ̀ kí ìdí ọkọ̀ má baà máa wọ́ omi. O ó jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ díẹ̀ sí ìhà tí ìgbòkun wà, kí aṣọ náà lè là. O kò gbọ́dọ̀ máa mi ọkọ̀ láti fi sáré, òfin kọ̀ ọ́. Ojú ló ń ṣiṣẹ́. Ibi tí omi bá ti ń hun jọ, tó dúdú díẹ̀, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Mo ń wo èéfín, mo ń wo àsíá orí àwọn ọkọ̀ ńlá ní Àpápá. Omi sì ń fà lọ sókun, ẹni tó bá dúró ń padà sẹ́yìn ni.

Ọkọ̀ onígbòkun kò lè dojú kọ afẹ́fẹ́ tààrà. Á gba ọ̀tún, á tún gba òsì, títí yóò fi débẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá yí tó sì ń ti imú ọkọ̀ rẹ kúrò lọ́nà bọ́ì, tètè yí sí ìhà kejì. Bí ó bá ń mú ọ sún mọ́ ọn, dúró lórí rẹ̀. Gbogbo wọn tẹ̀ lé ọkọ̀ iwájú lọ sí ọ̀tún. Èmi rí omi tó ń hun jọ lápá òsì, mo sì lọ síbẹ̀. Mo wà ní ipò kejìlá tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a ó fi dé bọ́ì tó kẹ́yìn, mo ti di ẹnì kẹta.

Ibẹ̀ ni omi ti gbé mi. Igi ìsàlẹ̀ ìgbòkun mi kan bọ́ì náà, kò ju bí ìgbà tí aṣọ kan aṣọ lọ. Òfin ni pé ẹni tó bá kan bọ́ì gbọ́dọ̀ yí po lẹ́ẹ̀kan kó tó máa lọ. Nínú afẹ́fẹ́ gidi, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Lọ́jọ́ yẹn, ọkọ̀ márùn-ún ìbá kọjá lára mi. Mo wẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó ń wò mí. Mo ń bá tèmi lọ.

Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú àpapọ̀ àmì ni wọ́n fẹ́ mú lọ sí ìdíje lẹ́yìn odi. Mo wà lára wọn. Bàbá mi ra Fanta fún mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń nu ọkọ̀. Fanta náà kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

“Bàbá, mo kan bọ́ì.”

Wọ́n dúró. “Ta ló rí ọ?”

“Ẹnì kankan kò rí mi, sà.”

Wọ́n tún ń nu ọkọ̀ lọ. Ó pẹ́ díẹ̀. Mo rò pé wọ́n á ní kí n gbàgbé ẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹsẹ̀ ara rẹ ni wàá fi lọ sọ ọ́ fún wọn. N kò ní bá ọ lọ.”

Mo lọ. Lórí omi, kò sí rẹfirí nínú ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ṣẹ̀ ló ń dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Ẹni tí àmì rẹ̀ kéré jù ló ń borí, ẹni tó bá sì yọ ara rẹ̀ kúrò nínú eré kan máa gba iye ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan. Àmì 3 mi di 19. Ọmọbìnrin tó gba ipò mi kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò mí.

Afẹ́fẹ́ ọjọ́ yẹn kò tó nǹkan, síbẹ̀ a rí fùrọ̀ adìyẹ. Ẹ̀yin òbí, mo ti di òbí báyìí, n kò sì mọ̀ bóyá mo lè dákẹ́ tó bí bàbá mi ṣe dákẹ́ nígbà náà.

Nínú danfó, wọn kò yìn mí, wọn kò sì bá mi wí. Àmọ́ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo bá ìtọ́kọ̀ tuntun nínú ọkọ̀ mi. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ, wọ́n ti fi sáńpépà dán an, wọ́n sì ti kùn ún.