Òyìnbó ń ra ìbọn mọ́tà sílé bí ẹni ra fìríìjì. Bí ẹ bá dán an wò n'Ìbàdàn, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ń dúró dè yín

Ariwo ló máa ń kọ́kọ́ pàdé àlejò l'Ọ́jà'ba. Àwọn onímáíkírà ń pe èrò, àwọn ọlọ́kadà ń fun fèrè, aláàárù ń pariwo "ẹ yàgò, ẹ yàgò", ìyá eléwé ọmọ jókòó ti ewé àti egbò rẹ̀, ó ń wo ẹni tó fẹ́ ná ọjà. Ẹni tó bá ti Èkó wá lè rò pé ọjà bí ọjà ni. Irọ́ ni o. Orí ilẹ̀ ológun ló dúró sí. Ìbà ni wọ́n ń pe Olúyọ̀lé, ọ̀kan lára àwọn jagunjagun tó sọ Ìbàdàn di ìlú ńlá, ọjà Ìbà yìí náà sì ni ẹnu àwọn èèyàn sọ di Ọjà'ba.

Ìlú tí wọ́n fi ìbọn kọ́ ni Ìbàdàn. Ìdí rèé tó fi yẹ kí ọmọ Ìbàdàn gbọ́ nípa ohun tí àwọn òyìnbó kan ń fi owó wọn ṣe níbi tí ọwọ́ wọn bá ti dilẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, bí àwọn kan ṣe ń kó owó àtijọ́ jọ, tí àwọn mìíràn ń kó sítáǹbù jọ, bẹ́ẹ̀ làwọn kan ń kó mọ́tà àtijọ́ jọ. Ẹ má ṣì í gbọ́, kì í ṣe mọ́tò tí à ń wọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀. Mọ́tà ni, ìbọn àwọn ṣọ́jà.

Irin gbọọrọ ni, ó dà bí páìpù omi tó tóbi. Wọ́n á gbé ìdí rẹ̀ lé orí irin pẹlẹbẹ, wọ́n á kọ ẹnu rẹ̀ sókè. Ẹnu yẹn náà ni ọta máa ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ló sì máa ń gbà jáde, á fò lọ sókè réré kó tó já lé ọ̀tá lórí. Orúkọ tí òyìnbó ń pe odó tí wọ́n fi ń gún nǹkan náà ni wọ́n fún un, nítorí pé èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe láyé àtijọ́ kúrú, ó sanra, ó sì lanu sókè bí odó iyán. Wilfred Stokes, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe irú èyí tó fúyẹ́ jáde ní 1915, lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní.

Ẹ má sì rò pé àjèjì pátápátá ni mọ́tà jẹ́ sí àwọn baba ńlá yín. Nígbà ogun Hitler, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìpín 81 àti ìpín 82, tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà. Igbó ibẹ̀ ò ní ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà. Orí ni wọ́n fi ru oúnjẹ, orí ni wọ́n fi ru ọta, orí náà ni wọ́n fi ru mọ́tà.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É NÍ TIWỌN

Ẹni tó bá fẹ́ ní mọ́tà l'Ámẹ́ríkà kò kàn ní í gba ọjà lọ rà á. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1934, tí wọ́n tún fi ti 1968 kún, ló wà lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni náà máa kọ̀wé sí ìjọba, yóò tẹ ìka, yóò fún wọn ní fọ́tò, wọ́n á tú àṣírí ìgbésí ayé rẹ̀ wò bóyá ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí, yóò sì san owó orí igba dọ́là ($200). Bí ọta tó ní ẹ̀tù abúgbàù nínú bá wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ọta yẹn náà ní ìwé tiẹ̀ àti igba dọ́là tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé irin ìbọn yẹn nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń ní. Wọ́n á họ ìpẹtà rẹ̀ kúrò, wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà, wọ́n á wá gbé e síta níbi ìpàtẹ kí àwọn ọmọdé wá wò ó. Àwọn ìpínlẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé wọn ò gbà á láyè rárá. Èyí tí wọ́n bá sì ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú, òfin ti ka ọ̀pọ̀ rẹ̀ sí ohun àtijọ́, kò sí wàhálà púpọ̀ lórí rẹ̀.

Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mọ́tà tó ṣì lè yìn, àṣẹ ìjọba ló lè mú un dé ọwọ́ èèyàn, kò sì sẹ́ni tó ń fi àṣẹ yẹn tọrẹ. Èyí tí wọ́n ti ba inú rẹ̀ jẹ́, tí kò lè yìn mọ́ láéláé, lọ̀pọ̀ èèyàn ń rà sílé.

KÍ LÓ WÁ WÀ N'ÍBÀDÀN?

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Téèyàn bá ń gun òkè láti Ọjà'ba, Gbọ̀ngàn Mápó ló máa kàn án lójú, tòun ti àwọn òpó gàgàrà rẹ̀. Ní 1929 ni wọ́n ṣí i. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gbé adé lé Ọba Rashidi Ládọjà lórí ní ọjọ́ 26, oṣù kẹsàn-án, 2025. Ẹ sì wo bí oyè náà ṣe rí: ọ̀nà méjì ló ń lọ síbẹ̀, ọ̀kan sì jẹ́ ti àwọn Balógun. Ìbàdàn ò ní ààfin tí ọba ti ń bí ọba, ẹni tó bá tẹsẹ̀ mọ́rìn títí tó fi kàn án ló ń jẹ ẹ́. Àkàbà oyè yẹn, ojú ogun ló ti bẹ̀rẹ̀.

Láti Mápó, ó yà sí Bẹẹrẹ, ó tún wọ Bẹ́yẹrúnkà, àdúgbò Ògúnmọ́lá. Àwọn ilé alámọ̀ tó ti di bíríkì, páànù tó ti pọ́n bí osùn, ojúbọ, mọ́ṣáláṣí, ìyá aláàmàlà, gbogbo wọn ló fún pọ̀ mọ́ra. Ọ̀tún Balógun ni Ògúnmọ́lá nígbà tí Ìbàdàn gbógun ti Kúrunmí ní Ìjàyè. Ìbíkúnlé ni Balógun. 1860 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀, Ìjàyè sì fọ́ ní 1862. Ògúnmọ́lá jẹ Baṣọ̀run ní 1865, ó sì kú ní 1867.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò nípa àwọn ogun yẹn ni pé kì í ṣe ìgboyà nìkan ni wọ́n fi jà á. Ìbọn ṣakabùlà tí wọ́n ń lò, láti etí òkun ló ti ń wá. Ẹ̀tù náà, ibẹ̀ ló ti ń wá. Ìbàdàn ò sì ní etí òkun. Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló wà lójú ọ̀nà. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti ọ̀nà pa, ìbọn tó wà lọ́wọ́ jagunjagun di igi ìdáná. Nítorí náà, ìjà ọ̀nà Èkó ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ogun tí Ìbàdàn jà.

Ogun tó wá fojú Ìbàdàn rí màbo ni Kírìjí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ààrẹ Látòósà ló kó Ìbàdàn jáde. Èkìtìparapọ̀, tí Fábùnmi àti Ògèdèngbé wà láàárín wọn, ní àwọn ọmọ wọn l'Ékòó tí wọ́n ń bá wọn wá ìbọn ìgbàlódé. Ìbọn tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n á máa da ẹ̀tù sí lẹ́nu, tí wọ́n á máa fi ọ̀pá gún un. Kí ará Ìbàdàn tó yìn ẹ̀ẹ̀kan, òmíràn ti dé. Ìró àwọn ìbọn ńlá yẹn lórí òkè ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ: kí-rì-jí, kí-rì-jí. Látòósà kú sí ibùdó ogun ní 1885. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí wọ́n tó tú ibùdó ká pátápátá.

Ọdún 1893 yẹn náà ni àwọn òyìnbó fi Kápítéènì Bower jẹ alákòóso wọn n'Ìbàdàn. Lórí Òkè Ààrẹ, òkè tó ń jẹ́ orúkọ mọ́ oyè Látòósà, ni wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ gogoro kan sí ní 1936 láti fi rántí Bower. Ẹni tí wọ́n ń fi òkè rẹ̀ pè wà nísàlẹ̀, àlejò ló wà lókè. Àwọn àgbà ṣáà ti wí i tipẹ́ pé ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn.

"ṢÉ ÌJỌBA LÓ RÁN Ọ NÍṢẸ́?"

Ìbọn tí wọ́n fi ja gbogbo ogun yìí ńkọ́? Ìbéèrè tó ń mú kí agboolé dákẹ́ rèé. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá wọ ilé ológun kan, tó dọ̀bálẹ̀, tó ní, "Ẹ kúulé o, bàbá, wọ́n ní àwọn baba yín fi ìbọn sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rí i?", ó ṣeé ṣe kí ìbéèrè ni bàbá máa fi dá a lóhùn: "Ọmọ ta ni ọ́? Ṣé ìjọba ló rán ọ níṣẹ́ ni, àbí o fẹ́ lọ tà á fún òyìnbó?"

Bàbá ò jẹ̀bi. Ẹ̀rù òfin ló ń bà á. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ò mọ ohun tí òfin náà wí, òun ló fi jẹ́ pé ẹlòmíràn ń sá fún ohun tí kò yẹ kó sá fún, ẹlòmíràn sì ń fọwọ́ kó ohun tó lè pa á.

Òfin ìbọn Nàìjíríà ti wà láti 1959. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín ìbọn sí. Àkọ́kọ́ ni èyí tó jẹ́ èèwọ̀: ìbọn àgbá, bọ́ǹbù, gùrùnéédì, ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn àwọn ṣọ́jà àti ìbọn ìléwọ́. Ibẹ̀ ni mọ́tà wà. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fún èèyàn láṣẹ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún mẹ́wàá. Kò sì dìgbà tí gbogbo ìbọn náà bá pé, òfin ka ẹ̀yà ara ìbọn mọ́ ìbọn. Ẹni tó bá ń rò pé "ó ti dípẹtà, kí ni wọ́n fẹ́ fi mú mi?", kó kọ́kọ́ lọ rí lọ́yà.

Ìkejì ni ìbọn ọdẹ ìgbàlódé àti irú wọn, èyí tó nílò ìwé àṣẹ ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá. Ìkẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu. Ìwé àṣẹ wà fún òun náà, èèyàn sì lè gbà á. Èyí túmọ̀ sí pé ìbọn bàbá ńlá tó wà ní àjà, tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo ilé, ó ní ọ̀nà tí wọ́n fi lè sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń fi yangàn. Àìgbàwé ló ń sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀.

Nítorí ìbẹ̀rù yìí, àwọn ilé kan lè yọ́ ìbọn wọn tà fún àwọn tó ń fi ọmọlanke ra irin àlòkù kiri. Kí ni wọ́n máa rí gbà nídìí rẹ̀? Owó tí kò tó ra àpò gàrí. Irin tó gbọ́ ìró ogun Ìjàyè á di ọ̀pá téèyàn fi ń kọ́ ilé. Bó bá sì jẹ́ ẹni tó fẹ́ gbé e kọjá sí òkè òkun ló rà á, ẹ rántí pé òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti 1979 wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde nílùú láìgba ìwé lọ́wọ́ àjọ tó ń rí sí i.

BỌ́ǸBÙ Ò MỌ ỌMỌ ONÍLÉ

Ìyàtọ̀ kan wà tí kò gbọdọ̀ rú ẹnikẹ́ni lójú o. Irin ìbọn tó ti ṣófo, ìtàn ni. Ọta tí ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀, ikú ni. Ọjọ́ orí kì í sọ bọ́ǹbù di arúgbó tó jẹ́jẹ́; ńṣe ló tún ń burú sí i. Àwọn ará Èkó ò lè gbàgbé ọjọ́ 27, oṣù kìíní, 2002, nígbà tí ilé ìkó-bọ́ǹbù-sí ní bárékè Ìkẹjà bú gbàmù. Èèyàn tó kú ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé inú omi ni wọ́n sá kó sí. N'Ìbàdàn níbí náà, ọjọ́ 16, oṣù kìíní, 2024, ohun abúgbàù tí wọ́n kó sínú ilé kan ní Bódìjà fọ́ ilé yí ká, ó pa èèyàn, ó sì ṣe ju àádọ́rin lọ léṣe. Ìjọba ìpínlẹ̀ sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó o síbẹ̀. Àwọn aládùúgbò tó sùn sílé wọn jẹ́jẹ́ ò mọ nǹkan kan. Nítorí náà, ẹni tó bá rí ohun tó jọ ọta ńlá nínú ilẹ̀ tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí, kó má fọwọ́ kàn án, kó má fi òòlù kàn án, kó kó àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, kó ké sí ọlọ́pàá.

Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń wá mọ́tà àti bọ́ǹbù wò, kó wọkọ̀ lọ sí Umuahia. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tí wọ́n ṣí síbẹ̀ ní 1985 ló kó àwọn ohun ogun Bìáfírà sí: bọ́ǹbù, mọ́tò ogun, ó tún dórí ọkọ̀ ojú omi. Èèyàn á wò ó tẹ́rùn, á sì padà sílé láìbẹ̀rù ọlọ́pàá.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ọmọ Bẹ́yẹrúnkà á fi máa lọ sí Umuahia kó tó rí ìbọn? Ìbàdàn ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀ ní Alẹ́ṣinlóyè. Àwọn agboolé ológun lè jókòó, kí mọ́gàjí pe àwọn ọmọ ilé, kí wọ́n gbàwé sórí èyí tí òfin gbà wọ́n láyè láti ní, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó lò ó sílẹ̀ kí àgbà tó mọ ìtàn rẹ̀ tó rè'wàlẹ̀ àsà. Èyí tí òfin ò gbà, kí wọ́n gba ẹnu lọ́yà bá ìjọba sọ̀rọ̀.

Nírọ̀lẹ́, tí oòrùn bá ń wọ̀ lẹ́yìn Mápó, òkè páànù pípọ́n náà a máa tàn bí iná àgbẹ̀dẹ láti orí Òkè Ààrẹ. Ọmọdé ń ta bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀, ìró kan ṣoṣo tó ń dún ò ju ti odó aláàmàlà tó ń gún ata lọ. Irú mọ́tà tó dára kó wà nílé gbogbo ènìyàn nìyẹn, òun nìkan ni kò nílò láìsẹ́ńsì.