Ibi Tí Àwọn Bíríkìlà Ti Ń Jẹun

Nígbà tí mo kó kúrò ní Yaba wá sí Ìbàfò, Google Maps ni mo kọ́kọ́ bi pé níbo ni wọ́n ti ń ta oúnjẹ. Ibi tó fi hàn mí kò ju márùn-ún lọ, gbogbo wọn ló sì wà lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ti máa ń yà láti tọ̀, kí wọ́n sì ra ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù inú ike. ₦3,500 ni ike kan. Ẹran ò sí nínú ẹ̀ o. Ẹran ní owó tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Iṣẹ́ kóòdù ni mò ń ṣe, ilé ni mo sì ti ń ṣe é. Àwọn èèyàn rò pé gbogbo ẹni tó bá ti ń gbé laptop kiri ló ń gba dọ́là. Náírà ni wọ́n ń san fún èmi, owó oṣù náà ò sì tíì gbọ́ pé ọjà ti wọ́n. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà epo bẹntiróòlù kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ fò sókè di nǹkan bíi ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sí nǹkan tó jẹ mọ́ jíjẹ tí kò tẹ̀ lé e. Tòmátì tó ń ti òkè Ọya bọ̀, mọ́tò ló ń gbé e. Ẹ̀rọ ìlọta, epo ló ń mu. Tí mo bá ń ra oúnjẹ ₦3,500 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ₦7,000 nìyẹn, ₦210,000 lóṣù. Owó ilé tí mo torí ẹ̀ sá kúrò ní Yaba, ẹnu ni mo máa fi jẹ ẹ́ tán.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. "Ṣebí kó o dáná." Màmá tó bí mi náà sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Mo ti dáná, mo sì ti ṣírò ẹ̀. Ẹni tó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, kó dáná, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n àpọ́n tó ń dá gbé, tí iná mọ̀nàmọ́ná ń wá nígbà tó bá wù ú, ìkòkò ọbẹ̀ kan ló máa sè, á jẹ ẹ́ lónìí, á jẹ ẹ́ lọ́la, tó bá fi máa di ọ̀túnla ọbẹ̀ ti kan. Fíríìjì wulẹ̀ dúró síbẹ̀ bíi kọ́bọ́ọ̀dù ni. Owó gáàsì, owó ata tó jẹrà, wákàtí kan àbọ̀ tí mi ò fi ṣiṣẹ́, mo ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, èrè tó wà níbẹ̀ ò tó bí àwọn èèyàn ṣe ń pariwo ẹ̀. Ìyẹn tí èèyàn bá mọ ibi tó ti ń ra oúnjẹ ṣá. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ìbàfò kì í ṣe ìlú tí wọ́n ti kọ́ tán. Bíi Magboro, bíi Mowe, bíi gbogbo àdúgbò tó wà lójú títì yẹn nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwòdé, ilé kan á wà, igbó díẹ̀ á tẹ̀ lé e, ilé tí wọn ò tíì kan òrùlé ẹ̀ á tẹ̀ lé ìyẹn. Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé, bíríkìlà wà níbẹ̀, lébìrà wà níbẹ̀, káfíńtà wà níbẹ̀, wẹ́dà náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ti ń ru kọnkéré láti aago méje àárọ̀ ò lè fi bisikíìtì gbé ara. Oúnjẹ tó wúwo ló máa jẹ, ẹ̀ẹ̀mejì kí oòrùn tó wọ̀, kò sì ní í kó owó iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lé ike jọ̀lọ́ọ̀fù. Ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí tó ń bọ́ ọ. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kan, mo kàn tẹ̀ lé àwọn lébìrà mẹ́ta tí sìmẹ́ńtì ti sọ irun wọn di funfun, mo bá wọn yí gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń yọ bulọ́ọ̀kù, ibẹ̀ ni mo ti bá obìnrin náà.

Tàpólì aláwọ̀ búlúù kan, òpó mẹ́rin, pákó gígùn méjì tí wọ́n gbé lé orí bulọ́ọ̀kù. Ìkòkò mẹ́ta. Kò sí pátákó, kò sí orúkọ. Màmá ni gbogbo èèyàn ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi ṣe ń pè é. Láti ìgbà tó ti gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ni mò ń fi ṣiṣẹ́, Ẹnjiníà ló ń pe èmi.

Oúnjẹ ẹ̀ rọjú, mo sì fẹ́ mọ ìdí tó fi rọjú, torí iṣẹ́ mi ti kọ́ mi láti máa tú nǹkan palẹ̀. Kì í ṣe pé ojú àánú ẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ. Kò san owó ṣọ́ọ̀bù: ilẹ̀ onílẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́ ló jókòó sí. Kò ra gáàsì: pákó tí àwọn káfíńtà ti fi da kọnkéré tán, tó ti ṣẹ́, tí ìṣó ti kún inú ẹ̀, òun ni wọ́n ń kó fún un, òun ló fi ń dáná. Kànga tí wọ́n gbẹ́ nítorí bulọ́ọ̀kù ló ti ń fa omi. Oúnjẹ kì í sì í ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, torí ó mọ iye ẹnu tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ da dẹ́kìn lọ́la, fọ́ọ̀màn á ti sọ fún un lálẹ́ pé ogójì èèyàn ń bọ̀. Ilé oúnjẹ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù àti jẹnẹrétọ̀ ò lè bá a du irú oníbàárà yẹn, wọn ò dẹ̀ gbìyànjú ẹ̀.

Mo ní òṣùwọ̀n kékeré kan tí mo rà nígbà tí mo ní mo fẹ́ fọn díẹ̀. Mo gbé oúnjẹ méjèèjì lé e. Ti ẹ̀gbẹ́ títì, ₦3,500, ìrẹsì gíráàmù 390. Ti Màmá, ₦1,200, ìrẹsì àti ẹ̀wà gíráàmù 540, pọ̀nmọ́ méjì lọ́tọ̀. Tí ẹ bá pín in, gíráàmù 100 jẹ́ nǹkan bíi ₦900 lọ́hùn-ún, ó jẹ́ nǹkan bíi ₦220 níbí.

Ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n rà. Ẹ má béèrè pé "Èló ni abọ́ kan?" Ìbéèrè àlejò nìyẹn. Iye owó lẹ máa dá: "Màmá, ẹ bá mi bu ìrẹsì ₦500, ẹ̀wà ₦300, kẹ́ ẹ fi pọ̀nmọ́ ₦200 méjì sí i." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń rà á, ọgbọ́n sì wà níbẹ̀. Tí ọjà bá wọ́n sí i, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ pé owó oúnjẹ ti lọ sókè. ₦500 ṣì ni ₦500, ṣíbí ló máa fúyẹ́. Mo rí i lórí òṣùwọ̀n mi: láàárín oṣù mẹ́rin, 540 yẹn di 470, owó ò yí padà. Àwọn lébìrà ò nílò òṣùwọ̀n. Wọ́n á wo abọ́, wọ́n á wo ojú ẹ̀, wọ́n á ní, "Màmá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?" Á rẹ́rìn-ín, á fi ìdajì ṣíbí kún un. Èènì nìyẹn, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń rí i gbà. Tẹ́ ẹ bá ní kó di oúnjẹ sí náílọ́ọ̀nù kẹ́ ẹ máa lọ, kò sí èènì. Tẹ́ ẹ bá jókòó lórí pákó tẹ́ ẹ gbé abọ́ lé orúnkún, ó ń bọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó bu tèmi àkọ́kọ́.

Ẹ mọ ọjọ́ náà pẹ̀lú. Mọ́ńdè kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn, torí àwọn ọmọ ti ná owó Sátidé tán, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ata ló máa pọ̀. Sátidé tí fọ́ọ̀màn ń sanwó, ṣàkì wà, fùkù wà, ẹja panla wà, kẹ́ ẹ ṣá ti tètè dé. Láago mẹ́ta ọ̀sán ó ti ń fọ ìkòkò. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí ìsìn Holy Ghost bá wà ní Redemption Camp, ẹ má tilẹ̀ yọjú sí títì rárá. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ nìkan á ti jẹ yín yó.

Màmá nìkan kọ́ ló wà o. Àwọn aláàkàrà wà níkòríta lálẹ́. Ẹlẹ́wà Aganyin máa ń kọjá ní kùtù hàì pẹ̀lú ìkòkò lórí, ẹ gbọ́dọ̀ ti ra búrẹ́dì sílẹ̀ dè é. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ti ìrẹsì Ọ̀fadà. Ìlú Ọ̀fadà gan-an wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ wa yìí, èèyàn lè gba Mowe débẹ̀. Ìrẹsì tó ń jẹ́ orúkọ ìlú yẹn ti di oúnjẹ olówó tí wọ́n ń dì sínú ewé níbi ìnáwó ní Lẹ́kìí. Ìrẹsì òkèèrè ló wà nínú ìkòkò Màmá. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹnjiníà, ṣé àwọn ọmọ yìí lo fẹ́ kí n máa bu Ọ̀fadà fún? Èyí tó ń wú ni wọ́n fẹ́."

Nínú ilé tí mò ń gbé, nọ́ọ̀sì kan wà, tíṣà méjì wà, ọmọkùnrin kan wà tó ń ṣe POS. Indomie ni wọ́n ń jẹ lálaalẹ́. Ibi tí Màmá wà ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́rin sí wọn, wọn ò mọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti máa ń fi nǹkan kún OpenStreetMap: títì, kànga, ilé oògùn. Ẹnikẹ́ni ló lè fi kún un, ọ̀fẹ́ sì ni. Lójú mi, máàpù tó mọ ilé oúnjẹ olówó gọbọi tí kò mọ ti Màmá, irọ́ ló ń pa. Mo ní kí n bi í ná kí n tó fi í síbẹ̀.

"O fẹ́ fi mí síbo?"

Mo gbé fóònù fún un. Ó nu ọwọ́, ó wò ó dáadáa. Ó rí títì wa, ó rí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níwájú, ó rí òfìfo tí òun wà.

"Àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún èèyàn, ṣé wọn ò ní fóònù ni?"

"Wọ́n ní, mà."

"Ẹni tó ni ilẹ̀ yìí ńkọ́? Òkè òkun ló wà. Ọjọ́ tó bá rí i pé wọ́n ń tajà lórí ilẹ̀ òun, ṣé kò ní í ní kí n wá sanwó?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

"Ìkòkò mẹ́ta ni mò ń sè. Tí ogún èèyàn bá ti Mowe wá torí fóònù ẹ, kí ni àwọn ọmọ mi yìí máa jẹ tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ilé? Ìwọ gan-an, kí lo máa jẹ?"

Nínú iṣẹ́ tiwa, tí èrò bá pọ̀ jù lórí ẹ̀rọ kan, a máa ra òmíràn kún un ni. Ìkòkò kẹrin á fẹ́ ààrò kẹrin, á fẹ́ ọmọ tí yóò máa fọ abọ́, á fẹ́ àyè tó fẹ̀ tó sì hàn sójú títì. Kó tó to gbogbo ìyẹn tán, oúnjẹ ẹ̀ ti di ₦2,000. Mi ò fi í sórí máàpù. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi, torí nọ́ọ̀sì yẹn ṣì ń jẹ Indomie. Mo bi Màmá bóyá mo lè fẹnu sọ fún èèyàn. Ó ní, "Mélòó?" Mo ní mẹ́ta. Ó ní kí wọ́n máa gbé abọ́ wọn dání wá.

Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ilé náà tán. Ara oúnjẹ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀. Ìkòkò mẹ́ta di méjì, torí àwọn tó ń lẹ táìlì àti àwọn tó ń kun ọ̀dà ò pọ̀ níye bíi lébìrà. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń yọ bulọ́ọ̀kù kó ẹ̀rọ wọn lọ. Àwọn lándílọ́ọ̀dù dáwó jọ, wọ́n fi géètì sẹ́nu títì, wọ́n ri òpó iná, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀sìtéètì sára ògiri. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí onílé mi fi ₦150,000 kún owó ilé, ó ní àdúgbò ti dára. Ohun tó jẹ́ kí oúnjẹ rọjú níbí àti ohun tó jẹ́ kí owó ilé rọjú, ọ̀kan náà ni: ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́. Bẹ́ẹ̀, àwa ayálégbé náà máa ń bá wọn ṣàmín níbi ìpàdé, tí wọ́n bá ń gbàdúrà pé kí títì di olọ́dà.

Màmá ti wọ inú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn odò kékeré kan, níbi tí kẹ̀kẹ́ Máruwá ò lè dé. Ọ̀kadà ₦300 ní àlọ, ₦300 ní àbọ̀. Oúnjẹ ₦1,200 di ₦1,800, wákàtí kan sì ti bá a lọ. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta, mo rí i pé kò ṣeé ṣe lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì ló mú àbá wá. Àwa mẹ́rin kó abọ́ wa jọ, ó fi ọ̀dà èékánná sàmì sí ìdí ìkọ̀ọ̀kan, a bá ọlọ́kadà kan sọ̀rọ̀. ₦600 ní àlọ àti àbọ̀, ₦150 lórí ẹnì kan. Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè, Fúráídè. Tó bá ti di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, a máa ń fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọmọ Màmá, kálukú á sì sọ ohun tó fẹ́ jẹ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gbé e dé, mo wọn tèmi: 480. Mo bi ọlọ́kadà pé báwo lọ́hùn-ún ṣe rí. Ó ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́rin ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tíì da dẹ́kìn ẹ̀.