Láti Àgùdà dé Orí Òkè: Ẹ̀jẹ̀ Kì í Kánjú

Àwa tí a ń gbé Àgùdà ní Súrùlérè, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni a fi ṣe ilé. Bí òjò ńlá bá rọ̀, omi a máa dúró lójú títì, nítorí ilẹ̀ wa kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ. Ẹni tó bá rìn láti òpópónà Adétọ̀lá dé òpópónà Ẹnìtàn kò gun òkè kankan. Nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tí a ń mí níhìn-ín àti ti orí òkè kò rí bákan náà. Ṣùgbọ́n àwọn agùnbánirọ̀ wa ń lọ sí Jos, àwọn oníṣòwò wa ń gba Addis Ababa kọjá, àwọn arìnrìn-àjò sí ilẹ̀ mímọ́ sì ń fẹ́ gun òkè Sínáì. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ wa ń ṣe lọ́nà.

Ọ̀NÀ JOS

Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Akwanga, tó ń gun òkè Hawan Kibo, etí a máa di, atẹ́gùn tútù a sì gba ojú fèrèsé wọlé. Nígbà tí a bá fi dé Jos, a ti ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju òkun lọ. Ní ọjọ́ kìíní tí àwa gbé ẹrù gun àtẹ̀gùn ilé tí a wọ̀ sí níbẹ̀, èémí wa yára ju ti ilé lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń sáré kọjá lára wa.

Kí ni ìdí rẹ̀? Ọ́síjìn kò tán nínú afẹ́fẹ́ Jos. Níbẹ̀ àti ní Àgùdà, nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́, nǹkan bí 21 ni ọ́síjìn. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló fẹ́lẹ́. Ní Jos, ó fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ dín sí tiwa. Ní Addis Ababa, tó ga ju 2,300 mítà lọ, ó fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín. Ní ṣóńṣó òkè Kamẹrúùnù, tó ju 4,000 mítà lọ, ó dín ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

OHUN TÍ ARA Ń ṢE

Ẹ̀ṣọ́ kékeré kan wà ní ọrùn wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń lọ sí ọpọlọ. Bó bá ti rí i pé ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ dín kù, kíá ni èémí yóò yára, ọkàn yóò sì máa lù kíkankíkan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ara a máa tọ omi dànù, ẹ̀jẹ̀ a sì ki díẹ̀. Kíndìnrín náà a ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú egungun pé kó pèsè sẹ́ẹ̀lì pupa tí yóò máa gbé ọ́síjìn kiri. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ń gbà. Bí a bá sì padà sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, èyí tó lé a tún máa dín kù.

Ẹ rántí ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1968 ní Mexico City, tó ga tó 2,240 mítà. Nínú eré 10,000 mítà, Naftali Temu láti ilẹ̀ òkè Kẹ́ńyà ló gba wúrà. Ron Clarke ará Ọsirélíà, ògbóǹtarìgì tí kò sí ẹni tó tíì sáré náà yá tó o rí, ṣubú lulẹ̀ lẹ́yìn eré, ọ́síjìn ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Agbára rẹ̀ kò dín. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni òkè náà kò mọ́ lára.

Ọ̀RỌ̀ ẸLẸ́JẸ̀ AS ÀTI SS

Bí ìgbéyàwó bá kù sí dẹ̀dẹ̀ nínú ìjọ, a máa ń béèrè irú ẹ̀jẹ̀ ọkọ àti ìyàwó. Ẹni tó bá jẹ́ AS, a ó ní kó má fẹ́ AS, kó sì máa lọ ní àlàáfíà. Ìmọ̀ràn rere ni, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Lórí òkè gíga, pàápàá bí iṣẹ́ agbára bá kún un, sẹ́ẹ̀lì pupa ẹlẹ́jẹ̀ AS lè tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ bíi dòjé, kó sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀yà ara tí àwọn dókítà ń pè ní spleen, lábẹ́ egungun ìhà òsì. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀. Ìrora ńlá ní ìhà òsì lórí òkè kì í ṣe ohun tí a ń fi àgbo tọ́jú. Ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ.

Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn SS, gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ inú bàálù pàápàá dà bí ti òkè tó ga tó 1,800 sí 2,400 mítà. Kó rí dókítà kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

1. Ẹ lọ mọ irú ẹ̀jẹ̀ yín. Ibùdó Sickle Cell Foundation wà ní Ìdí-Àràbà, ní ọ̀kánkán LUTH, kò jìnnà sí Àgùdà.

2. Ẹ máa mu omi, ẹ má sì ṣe iṣẹ́ agbára ní ọjọ́ kìíní.

3. Bí ẹ bá kọjá 3,000 mítà, ibi tí ẹ ó sùn kò gbọdọ̀ fi ju 500 mítà ga ju ti àná lọ.

4. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí èébì ń gbé yín, ẹ dúró. Bí ẹsẹ̀ bá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tàbí tí èémí kò délẹ̀ nígbà tí ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú ẹgbẹ́ tàbí owó tí ẹ ti san mú yín máa gòkè lọ nígbà tí ara ń kọ̀. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, ó sì ń dé òkè.