Ẹranko Tí A Kò Rí

Tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ "safari" létí ọmọ yunifásítì ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Tansaníà ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn: ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kìnnìún tó sùn sábẹ́ igi, òyìnbó tó gbé kámẹ́rà gígùn dání. Èmi náà ti wo irú fídíò bẹ́ẹ̀ títí dátà fi tán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Ní Rùwáńdà, dọ́là 1,500 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò kan kó tó lè wo àwọn górílà orí òkè fún wákàtí kan péré. Bàbá ta ló ní irú owó yẹn nínú wa?

Bó ṣe di pé àwa mẹ́fà, ọmọ kíláàsì kan náà, dá owó jọ lẹ́yìn ìdánwò sáà kìíní nìyẹn, a ní a ó ṣe safari tiwa ní gúúsù Nàìjíríà níbí. Igbó mẹ́ta la fẹ́ dé: igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Okomu ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, ká tó wá já sí òkè Afi nílẹ̀ Boki, ní Cross River. Bọ́ọ̀sì, ọ̀kadà, ẹsẹ̀.

Láti ọdún 1925 ni Omo ti jẹ́ igbó ọba. Erin ṣì wà níbẹ̀, erin inú igbó, èyí tó kéré sí ti pápá, tí eyín rẹ̀ gún régé tó sì kọjú sílẹ̀. Ní 2021 ni àjọ IUCN yà á sọ́tọ̀ kúrò lára erin pápá, tí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ẹranko tí ìparun ti kan ilẹ̀kùn wọn: láàárín ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó lé ní ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tó ti lọ.

Bàbá kan tó jẹ́ ọdẹ tẹ́lẹ̀, tó ti wá di olùṣọ́ igbó, ló ṣáájú wa. A rìn fún wákàtí mẹ́ta. Ohun tí a rí ni ojú ẹsẹ̀ kan nínú ẹrẹ̀, tó fẹ̀ tó àwo tí wọ́n fi ń bu àmàlà fún èèyàn mẹ́ta. Omi ti dúró sínú rẹ̀. Níwájú díẹ̀, a bá ìgbẹ́ erin. Bàbá fi igi tú u wò, ó sì fi kóró òro hàn wá nínú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ rí i? Ààpọ̀n tí ìyá yín ń sè nìyí. Erin ló ń bá wa gbìn ín."

A rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè lọ́wọ́ wa pé tí erin bá tán, ẹranko wo ló ní ọ̀fun tó lè gbé kóró tó tóbi tó báyìí mì, kó sì gbé e dé ọ̀nà jíjìn. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí." Àwa ò tilẹ̀ rí fìrí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn mí gan-an ni pé, tí a bá rìn díẹ̀ kúrò níbi ojú ẹsẹ̀ yẹn, kòkó ni. Oko kòkó nínú igbó ọba, tó tò lọ bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti wà láti ayébáyé. Ní kíláàsì, ó rọrùn fún wa láti máa sọ pé àwọn àgbẹ̀ ló ń ba igbó jẹ́. Mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń dáko kòkó lápá ibẹ̀, gbogbo ilé ń pè é ní Bàbá J4, òun ló sì san owó iléèwé mi lọ́dún tí owó kòkó fò sókè, 2024. Mi ò lè bá ẹnikẹ́ni pè é ní ọ̀tá igbó. Mi ò sì lè sọ pé erin ò nílò ilẹ̀ yẹn.

Okomu ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Igbó kékeré ni, bíi igba kìlómítà níbùú lóròó, ọ̀pẹ àti rọ́bà ló yí i ká. A rí ọ̀bọ ọlọ́fun funfun, èyí tí kò sí níbòmíràn láyé ju apá ibí wa, Benin àti Togo lọ. Ó fò láti igi kan sí èkejì, ó tán.

Ní Boki, ojú wa rí nǹkan. Láti 1991 ni ẹgbẹ́ Pandrillus ti ń tọ́jú àwọn ọ̀bọ tí wọ́n ń pè ní drill, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ tí ọdẹ pa ìyá wọn. Wáyà ni wọ́n fi sé igbó tí wọ́n wà mọ́. Ojú akọ wọn dúdú bí ìdí ìkòkò, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ pupa, ìdí rẹ̀ sì ní àwọ̀ tí ẹ lè fi ran aṣọ ẹbí.

Ti górílà ni kò ṣeé ṣe. Górílà Cross River tó kù láyé kò tó 300, ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ni gbogbo wọn ń gbé. Ẹni tó mú wa kàn nawọ́ sí òkè ni: "Wọ́n wà lọ́hùn-ún." Ọ̀rẹ́ mi kan kùn pé ṣé òkè la wá wò ni. Ọkùnrin náà ṣàlàyé pé ní Rùwáńdà, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi mú kí ojú èèyàn mọ́ górílà lára. Níbí, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ṣí ọ̀nà fún ọdẹ nìyẹn. Kódà ibùsùn tí wọ́n fi ewé tẹ́ lálaalẹ́ ni àwọn onímọ̀ fi ń kà wọ́n. Ó fi àwòrán kan hàn wá lórí fóònù, èyí tí kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ igi yà ní òkè Mbe ní 2020: àwọn àgbà górílà, àti ọmọ kéékèèké láàárín wọn. Gbogbo wa kó orí jọ sórí fóònù yẹn. Ọ̀rẹ́ mi tó ń kùn ló pẹ́ jù nídìí ẹ̀.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo pe Bàbá J4, mo kí i, mo sì bi í bóyá erin máa ń wọ oko rẹ̀.

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ó wọ̀ ọ́ nígbà òjò tó kọjá. Ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi tán."

"Kí lẹ wá ṣe, Bàbá?"

"Mo lu agolo, ó bá tirẹ̀ lọ."

"Ẹ ò sọ fún ẹnì kankan?"

"Ta ni n óò sọ fún? Ọlọ́dẹ? Ìwọ náà, má sọ ibi tó gbà fẹ́nì kan o."

J4 gbòòrò. Ẹ má wulẹ̀ bi mí.