Ohun Tí Òkun Kó Wá sí Gberefu

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Àgbádárìgì, kó má wulẹ̀ jókòó sáàárín ìlú tó ń tòògbé lójú ọ̀sán. Kó sọ̀ kalẹ̀ sétí ọ̀sà, kó wọ ọkọ̀ ojú omi, kó sọdá sí Gberefu. Ẹ́ńjìnnì ló ń gbé ọkọ̀ báyìí, ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Nígbà tí ìyá ìyá mi, Ègùn pọ́ńbélé, ń mú mi sọdá, àjẹ̀ ni wọ́n fi ń wà á, mo sì rò pé ìlú òyìnbó là ń lọ.

Ọ̀sà wà lẹ́yìn, òkun ńlá wà níwájú, yanrìn tóóró ló là wọ́n láàárín. Ọ̀nà tí wọ́n ń kó ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ ló gba orí yanrìn yìí kọjá. Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà. Àwọn amọ̀nà ní ẹrú tó bá mu omi rẹ̀ yóò gbàgbé ilé. Èmi àti wọn kì í bára wa gbọ́ níbẹ̀. Ní Bàhíà àti ní Kúbà, wọ́n ṣì ń bọ Yemọja. Ta ló wá gbàgbé? Ìyá àgbà ò sọ ìtàn kankan fún mi nípa kànga náà. Bí a bá ti dé ibẹ̀, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á dákẹ́ títí a ó fi kọjá.

Mo tún ní ẹjọ́ kan. Wọ́n ní ọdún 1502 ni ọjà ẹrú Vlekete ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn òpìtàn rí yàtọ̀: lẹ́yìn tí Agaja ọba Dàhòmì ṣẹ́gun Ouidah ní 1727, tí àwọn ènìyàn ń sá káàkiri, ni ìlú wa di èbúté gidi. Kí 1740 tó dé, Hendrik Hertogh, òyìnbó ará Họ́láńdì, ti kó òwò rẹ̀ wá síbẹ̀. Ìyàtọ̀ igba ọdún ó lé kì í ṣe kékeré. Àmọ́ ta ló fẹ́ kí wọ́n dín ọjọ́ orí ìlú òun kù?

Nígbà tí mo tún sọdá lọ síbẹ̀, ariwo ìgbì ló kọ́kọ́ kí mi létí òkun. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìdọ̀tí: ọ̀rá píọ̀wọ́tà, àwọ̀n tó ti já, ike lóríṣiríṣi, àti bàtà sílípáàsì. Mo ka 23 nínú bàtà náà, kò sí èyí tó bá èkejì rẹ̀ dọ́gba. Mo ti ń ṣépè lábẹ́lẹ̀ fún àwọn tó ń wá ṣe fàájì nígbà Kérésì kí bàbá apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe tó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, mú ìgò yẹn, kí o kà á."

Faransé ni wọ́n kọ sára rẹ̀.

"Ìwọ̀-oòrùn lomi ti ń ṣàn wá. Ti Kùtọnú ń bá wa níbí, tiwa ń lọ bá àwọn ará Èkó."

Kò fi ti àwọn aláfàájì pamọ́ o; ó ní tiwọn wà níbẹ̀, wọ́n kàn dà á lé ti òkun lórí ni. Kò sẹ́ni tó ń kó èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àwọn igi àgbọn tí ìyá àgbà máa ń jókòó sinmi lábẹ́ wọn, ọ̀rá ti bo gbòǹgbò wọn.

Mo mú ìgò náà dání lọ sínú ọkọ̀, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Nígbà tí a dé àárín ọ̀sà, omi ti ń jò wọlé. Ọmọkùnrin tó ń wakọ̀ nawọ́ sí mi, ó gba ìgò, ó fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀, ó sì fi ń gbọ́n omi títí a fi gúnlẹ̀.