Bí Ajá Ṣe Ń Tẹ́ Apá

Ẹ̀yin ará mi, àṣìṣe mi ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ní ilé kéú wa ní Ilé-Ifẹ̀, mò ń kọ́ ọmọ kan ní ìrun. Bó bá ti foríkanlẹ̀, á tẹ́ apá méjèèjì sílẹ̀. Èmi á pariwo: "Gbé ìgúnpá! Gbé ikùn kúrò lára itan! Dojú ìka ẹsẹ̀ kọ kíbúlà!" Bí mo ṣe ń pariwo ni ara rẹ̀ ń le sí i. Lọ́jọ́ kan ó bú sẹ́kún, ó ní òun ò kírun mọ́. Ẹ̀rù bà mí.

Mo wá rántí hádíìsì Anas ọmọ Mālik, tí Bukhari àti Muslim gbà wá. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní ká má tẹ́ apá sílẹ̀ bí ajá.

Mo bi ọmọ náà pé, "Báwo ni ajá tó dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣe ń tẹ́ apá?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣe é. Mo ní, "Ó dáa, má ṣe bíi tirẹ̀." Ìgúnpá gbéra lójú ẹsẹ̀. Fún rúkúù, mo ní kó ṣe ẹ̀yìn bíi tábìlì tí abọ́ omi lè dúró lé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ká tó mú pàṣán, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá àfiwé tí ọmọ mọ̀. Kí Ọlọ́hun gba ìrun wa. Àmín.