Níbo Ni O Dúró Sí Nígbà Tí Iná Dé?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ wa, àwa márùn-ún tí ẹ máa ń gbọ́ ariwo wa láti yàrá wa ní alẹ́ Sátidé, tẹ́tẹ́ kọ́ ni a ń ta o. Eré kan tó ń jẹ́ Dungeons & Dragons ni. Gary Gygax àti Dave Arneson, ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n ṣe é. Ọdún 1974 ló jáde. Ẹnì kan á jẹ́ adarí, á máa sọ ohun tó wà níwájú: ihò, afárá, ẹranko abàmì. Àwọn yòókù á jẹ́ akọni inú ìtàn, oníkálukú á sọ ohun tí tirẹ̀ fẹ́ ṣe, dáìsì olójú 20 á sì sọ bóyá ó bọ́ sí i. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni àwa fi ń jà.

Ìjà ọ̀hún ló fa iyàn láàrin wa. Àwọn kan ní ojú inú ti tó, kí adarí máa sọ ọ́, kí a máa fọkàn rí i. Àwọn kan ní kí a ya ibi ìjà sórí ìwé, kí a to ọmọlangidi sí i. Iyàn yìí ti pẹ́. Inú eré ogun tí wọ́n ń fi ọmọ ogun kéékèèké ṣe lórí tábìlì ni eré náà ti jáde, pàápàá Chainmail tí Gygax àti Jeff Perren ṣe ní 1971. Ìdí nìyí tí ìwé ti 1974 fi ń fi ìǹsì wọn ìrìn. Ìwé ti 2008 fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ àwòrán di ọ̀ranyàn. Ti 2014 ní ẹni tó bá wù kó lò ó.

Àwọn olójú-inú ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ta ni wọ́n ya ọ̀nà oko fún kó tó gbádùn àlọ́ Ìjàpá? A ja ìjà kan lórí afárá lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú iná lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi ń wo dáìsì. Kò tíì sí ìjà tó dùn tó ìyẹn.

Ṣùgbọ́n Ìjàpá kì í bá apàlọ́ jiyàn. Nínú eré tiwa, Ìjàpá jókòó sórí ẹní, ó ní ẹnu, ó sì lè kú.

Kánò ni wọ́n bí ọ̀kan nínú wa sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí. Haúsá yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Kó tó wá ọ̀rọ̀ rí, ẹlòmíràn ti gbà á sọ. Lọ́jọ́ kan, oṣó ju òkò iná, èyí tí ń jó ẹsẹ̀ bàtà 20 yíká ibi tó bá bọ́ sí. Adarí ní ó jó akọni rẹ̀. Ó ní ẹnu ọ̀nà lòun dúró sí. "Ìgbà wo lo sọ bẹ́ẹ̀?" Ó sọ ọ́, ó kàn sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ni, ẹlẹ́nu dídùn kan ti kéde pé gbogbo wa ti wọlé, wọ́n sì ti pàtẹ́wọ́ fún un. Oṣù mẹ́rin ló ti fi ń tọ́ akọni yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá ní eré lásán ni, kò rí ojú rẹ̀.

Nígbà tó padà, a ya ilé kéékèèké bíi ti dráfù sórí páálí, ilé kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5. Ìdérí kóòkì ni ọ̀tá, ọmọ lúdò ni àwa. Iná tún dé. Kò sọ̀rọ̀, ó fìka ka ilé láti ibi tí iná bọ́ sí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: mẹ́fà. Mẹ́rin péré ni iná ń jó. Ẹlẹ́nu dídùn dákẹ́.

Ó gba nǹkan lọ́wọ́ wa, a ò ní parọ́. Ìjà ń pẹ́ sí i, kò sì sẹ́ni tó ń bi adarí léèrè bí omi abẹ́ afárá ṣe ń hó mọ́. Orí páálí ni gbogbo ojú wà. Nítorí náà, bí ìjà bá kéré, ojú inú la fi ń jà á. Bí ẹ̀mí akọni bá wà níbẹ̀, ó di orí páálí. Méjì nínú wa ṣì ń kùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mu kóòkì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ìdérí rẹ̀ nù. Mẹ́tàlá péré ló kù lọ́wọ́ wa, àwọn ọ̀tá Sátidé tó ń bọ̀ sì lé ní ogún.